Méjì Péré Ni Ìyá Àgbà Mi Sọ

Ìyá àgbà mi kì í fẹ́ kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀ òun. Bí ó bá mọ̀ pé òun ni mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀ báyìí, yóò ní kí n gbé bíírò sílẹ̀, kí n lọ wo kọfí lórí iná. Ṣùgbọ́n nígbà kan, wọ́n bi mí ní ìbéèrè nípa rẹ̀, mo sì parọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Jovina ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá tirẹ̀ fi àáké lé e lọ́wọ́, ó sì ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin báyìí. Ìyá mi ń bá àwọn olówó kan tọ́jú ilé ní São Luís, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa, oṣù Kejìlá nìkan ló máa ń wálé, nítorí náà èmi àti ìyá àgbà la jọ ń gbé. Òun ló kọ́ mi ní ohun gbogbo tí mo mọ̀, àfi ìwé.

Ní abúlé wa, Centro do Bento, àwọn obìnrin ló ń pa èso ọ̀pẹ babasú. Èso yẹn le ju ẹkùrọ́ lọ púpọ̀púpọ̀, òkúta ò lè là á. Obìnrin á jókòó sórí ilẹ̀ lásán, á na ẹsẹ̀ ọ̀tún, á ká ti òsì sábẹ́ ara. Á ki igi àáké sábẹ́ itan ọ̀tún kí ẹnu rẹ̀ tó mú lè kọjú sókè. Ọwọ́ òsì á gbé èso lé ẹnu àáké, ọwọ́ ọ̀tún á sọ kùmọ̀ lé e lórí. Gbàù! Èso á là, ọmọ inú rẹ̀ á já sínú agbọ̀n. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yẹ̀, itan yẹn ò gbọdọ̀ mì, torí bí àáké bá yẹ̀, ìka ló ń bá a lọ.

"Gbogbo ènìyàn rò pé ọwọ́ ló ń pa á," ni ìyá àgbà máa ń sọ fún mi. "Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ ló ń pa á. Ọwọ́ kàn ń bá a dá sí i ni."

Àwọn márùn-ún ló máa ń jókòó yíká lábẹ́ igi máńgò ẹ̀yìn ilé Cezarina. Cezarina àti ìyá àgbà jọ dàgbà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ dìde nílẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, tó ń mí gúlegúle, Cezarina á bẹ̀rẹ̀.

"Jovina, ṣé o fẹ́ dìde ni àbí o fẹ́ bímọ?"

"Bí mo bá bí i, ọ̀dọ̀ rẹ ni n ó gbé e wá, kí o máa rojọ́ sí i létí, kí àwa lè sinmi."

"Gbé e wá! Ó kúkú sàn kí n bá ọmọ sọ̀rọ̀ ju arúgbó tí orúnkún ń hó bí ìrẹsì lọ."

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà náà á rẹ́rìn-ín. Orúnkún rẹ̀ ń dún lóòótọ́. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé e, ó máa ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ewé gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ìbàdí ọ̀tún ló burú jù, ibi tí itan ti wọnú ara. Ìyẹn kì í dún.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ẹ tó lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Láàárín àwọn obìnrin wọ̀nyí, ẹnikẹ́ni kì í sọ iye tó wà nínú agbọ̀n rẹ̀ pé pérépéré. Bí oòrùn bá dé àtàrí, Cezarina á nahùn.

"Jovina, mélòó lo ti pa?"

"Ó kéré o. Kílò méjì péré."

Kílò méje sì ti wà níbẹ̀, mo ń fi ojú mi rí i. Cezarina tó ní mẹ́fà á ní òun ò tíì ní ju kan ààbọ̀ lọ. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní irọ́. Bí o bá sọ iye tìrẹ pé, o ti dójú ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá lónìí. Wọ́n tún ń sọ pé ọ̀pẹ ń gbọ́, bí ó bá sì gbọ́ pé o ti ní púpọ̀, kò ní já èso sílẹ̀ fún ọ mọ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ ìyá àgbà mi nìyẹn. Ohun tó bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dín in kù kó tó sọ ọ́.

Láràárọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé, mo máa ń gbé àdín babasú sórí iná, n ó fi pa orúnkún àti ìbàdí rẹ̀, n ó wá fi aṣọ gbígbóná lé e. Àdín yẹn ń ṣe díẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ó ti lọ, ó ti lọ," kí n lè tètè máa lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà tí mo bojú wẹ̀yìn, n ó rí i tó di igi ilẹ̀kùn mú, tó ti eyín bọ etí aṣọ rẹ̀, tó ń dúró de ìgbà tí ẹsẹ̀ náà yóò gbà kí òun gbé e.

Evaldo, òṣìṣẹ́ ìlera tó ń fi ọ̀kadà lọ láti ilé dé ilé, ló gba ọjọ́ fún wa lọ́dọ̀ dókítà nílùú. "Ìyá Jovina, làkúrègbé yìí ti kúrò ní ti àdín nìkan," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán egungun yín."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà yẹn. Wọ́n gbé wa lọ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́, ìyá àgbà sì wọ bàtà tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà náà kò tíì dàgbà púpọ̀, Mirtes ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ sì tutù. Yàrá rẹ̀ kò tóbi. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó ń dúró de abẹ́rẹ́, ó di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Wọ́n ya egungun rẹ̀, dókítà sì gbé àwòrán náà sí ojú iná. Ó ní ohun kan wà tó rọ̀ bíi tìmùtìmù láàárín egungun méjì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Ti orúnkún ìyá àgbà kù díẹ̀. Ti ìbàdí ọ̀tún ti tán pátápátá.

"Àdín yín dára, ìyá, ẹ má dá a dúró. Ooru náà dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, àga ni kí ẹ máa lò. N ó fi bí ẹ ó ṣe máa gbé ẹsẹ̀ sókè lórí ibùsùn hàn yín, kí iṣan lè lágbára. Ṣùgbọ́n ìbàdí yìí, iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè wò ó. Wọ́n á yọ egungun tó ti bàjẹ́, wọ́n á fi onírin rọ́pò rẹ̀."

"Ṣé n ó wá lè rìn dé ìdí ọ̀pẹ?" ìyá àgbà béèrè.

"Ẹ ó rìn dé ibi tó bá wù yín. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń dúró pọ̀, ẹni tí ìrora rẹ̀ bá pọ̀ jù la máa ń fi síwájú. Nítorí náà, ẹ sọ fún mi, ìyá. Bí òdo bá jẹ́ pé kò dùn yín rárá, tí mẹ́wàá sì jẹ́ ìrora tí ènìyàn ò lè fara dà, mélòó ni tiyín?"

Ìyá àgbà wo obìnrin tó ń sunkún. Ó tún aṣọ rẹ̀ fà bo orúnkún.

"Méjì," ó wí.

"Méjì? Pẹ̀lú àwòrán yìí? Ṣé ó dá yín lójú?"

"Méjì péré ni, dókítà."

Dókítà yíjú sí mi. "Ọmọ, ìwọ lẹ jọ ń gbé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wo bàtà mi. Bí àgbà tí n kò mọ̀ rí bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń sọ̀rọ̀ sínú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe méjì. Mo rí igi ilẹ̀kùn, mo rí etí aṣọ tí eyín ti jẹ. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti sọ̀rọ̀ tán, ta ni èmi tí n ó já a ní koro lójú àlejò?

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni mo wí.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé wa bọ̀, mo bi í pé, "Ìyá àgbà, kí ló dé tí ẹ fi sọ méjì?"

"Ṣé o ò rí obìnrin yẹn ni? Ó ń sunkún. Ṣé kí n wá jókòó tì í, kí n máa kéde pé tèmi ju tirẹ̀ lọ? Dókítà kàwé. Ó ti wo àwòrán. Ṣé kò ní mọ̀ ni?"

A ń dúró de iṣẹ́ abẹ náà. Evaldo ló ń bá wa wádìí, ohun kan náà ló sì ń sọ. "Orúkọ yín wà níbẹ̀, ìyá. Wọ́n ní tiyín kò kánjú." Ọdún kan kọjá, ìkejì tẹ̀lé e.

Ìyá àgbà gbìyànjú àga. Evaldo fúnra rẹ̀ ló kan àáké mọ́ kùkùté gíga kan fún un, kó lè máa pa babasú láìjókòó sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Gbogbo ọmọ inú èso ló ń fọ́ yángá, ó tún fi ẹnu àáké ha àtàǹpàkò rẹ̀.

"Igi ò lè sọ fún mi ibi tí àáké wà," ó wí. "Itan mi ló ń sọ fún mi."

Cezarina ní, "Jókòó síbẹ̀ jàre, ìyàwó gómìnà! Àwa tálákà ń wò ọ́ láti ìsàlẹ̀."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó padà sórí ilẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó lè padà ni oògùn kan, oníhóró aláwọ̀ ìyeyè. Dókítà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún un, ẹyọ kan lẹ́yìn oúnjẹ, ọjọ́ márùn-ún péré, kó sì dá a dúró. Ó lo ọjọ́ márùn-ún náà, ó sì jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọge. Nígbà tó tán, ó ní kí ọlọ́kadà kan tó ń lọ sílùú bá òun ra òmíràn. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́fà. Mo ń rí páálí rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Inú mi dùn pé kò ti eyín bọ aṣọ mọ́, n kò sì béèrè nǹkan kan. Ìyẹn ni ìgbà kejì tí mo fi òótọ́ pamọ́.

Ẹsẹ̀ tí dókítà ní kó máa gbé sókè lórí ibùsùn, ìgbà tí mo bá jókòó tì í tí mo ń kà á nìkan ló ń gbé e. "Ọ̀kan, ìyá àgbà. Èjì." Bí a bá dé ẹ̀ta, á ní mẹ́wàá ti pé.

Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ìka mi á wà níbẹ̀. Ó ń bì, ìtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, ẹja àti gààrí tó fẹ́ràn kò wù ú jẹ. Lọ́jọ́ tí kò lè mọ ẹni tí Evaldo jẹ́, wọ́n gbé e dé ìlú.

Dókítà Mirtes kan náà ló bá wa níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ tó wálẹ̀, tó sì ń dá wa lóhùn dáadáa. Dókítà fa àga mọ́ ibùsùn.

"Ìyá, kíndìnrín yín ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Oògùn aláwọ̀ ìyeyè yẹn, tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́ bó bá pọ̀ jù, ṣé ẹ ṣì ń lò ó?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Mélòó lójúmọ́?"

Ìyá àgbà wo ògiri. "Méjì," ó wí. "Méjì péré."

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Mo kàn gbọ́ ohùn kan tó ga, èmi ni.

"Mẹ́fà ni wọ́n ń lò, dókítà. Mẹ́fà! Ìrora wọn kì í sì í ṣe méjì rí. Mẹ́wàá ni. Ọjọ́ tí ẹ bi mí, irọ́ ni mo pa, mẹ́wàá ni láti ọjọ́ yẹn!"

Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà ṣí ìwé ìyá àgbà sẹ́yìn títí ó fi dé ojú ewé kan, ó gbé ìka lé e, kò sì gbé e kúrò.

"Ká ní mo mọ̀ nígbà yẹn," ó wí.

Dókítà gbìyànjú. Mo mọ̀ pé ó gbìyànjú, torí èmi ni mo dúró tì í nígbà tó ń pe àwọn oníṣẹ́ abẹ ní São Luís. Wọ́n ní kó fi èsì ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n dáhùn pé pẹ̀lú kíndìnrín báyìí àti ọkàn tó ti rẹ̀, bí àwọn bá fún un ní oògùn oorun, ó lè má jí. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó ń dúró.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló sọ fún un. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, dókítà," bí ẹni tí wọ́n bu omi fún.

Ohun tó kù kò pọ̀. Oògùn tí kò le tó yẹn wà, kò sì ṣe ju díẹ̀ lọ. Àdín wà, aṣọ gbígbóná wà, ọ̀pá wà, ẹsẹ̀ gbígbé sókè lórí ibùsùn náà wà. Dókítà fún mi ní ìwé kékeré kan, ó ní láràárọ̀ kí n máa béèrè nọ́ńbà ìrora, kí n máa kọ ọ́, kí òun lè mọ ìgbà tí òun yóò yí oògùn padà. "Iye tó jẹ́ gan-an o," ó wí. Èmi ló wò nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìyá àgbà.

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, mo ń dúró de ìbáwí. Ìyá àgbà ń wo àwọn ọ̀pẹ tó ń kọjá. A ti kọjá odò kó tó sọ̀rọ̀.

"Neide."

"Mà."

"N kò mọ̀ pé o ní irú ohùn yẹn." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi. "Ohùn tó dára ni."

Ó kù díẹ̀ kó sunkún, ṣùgbọ́n kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Àwọn obìnrin kò jókòó sẹ́yìn ilé Cezarina mọ́. Ọgbà wa ni wọ́n ń wá báyìí. Kò sí ẹni tó pàṣẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, Cezarina kàn dé pẹ̀lú àáké àti agbọ̀n, ó ní òjìji tiwa dára ju ti òun lọ. Irọ́ ni, igi wa kéré. Ìyá àgbà jókòó sórí àga láàárín wọn, ó ń wo orí wọn láti òkè. Wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, láàárín Cezarina àti èkejì rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Nígbà tó yá, ìyá àgbà fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó wò mí. Mo lọ mú àáké rẹ̀. Igi àáké náà ti ní kòtò kékeré kan níbi tí itan rẹ̀ máa ń wà. Kò bá itan tèmi mu.

"Neide, mélòó lo ti pa?" Cezarina béèrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Kílò kan ó dín díẹ̀, mà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ń sọ òótọ́! Jovina, kí lo kọ́ ọmọ yìí?"

"Èmi kọ́ ló kọ́ ọ," ìyá àgbà wí. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọ̀pọ̀ àárọ̀, ó ń gbìyànjú. Bí mo bá béèrè, á kọ́kọ́ la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ méjì, á pa á dé, á wá sọ pé, "Méje." Tàbí, "Mẹ́jọ ni, ọmọ mi, mẹ́jọ." Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè. Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀.

Àná ni ìdánwò mi bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ilé ìwé kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Mo wọ aṣọ ilé ìwé, mo mú ìwé kékeré náà, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀.

"Ìyá àgbà, mélòó lónìí?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Méjì. Máa lọ, kí ọkọ̀ má fi ọ́ sílẹ̀."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó di apá àga mú. Mo wo etí aṣọ rẹ̀, ó tutù, ojú eyín sì wà lára rẹ̀. Mo kọ mẹ́sàn-án, mo pa ìwé náà dé, mo lọ gbé àdín sórí iná, bí ọkọ̀ tilẹ̀ fẹ́ fi mí sílẹ̀.